Àlejò ayálégbé mi ṣubú lórí àtẹ̀gùn: ṣé èmi onílé ni mo jẹ̀bi?

Ìbéèrè

Agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́ o. Opó ni mí. Ilé alájà kan tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ bùkátà. Ìdílé mẹ́rin ló háyà á, èmi fúnra mi kò gbé ibẹ̀. Irin tí wọ́n máa ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ti ń mì fún bí oṣù mẹ́ta. Àwọn ayálégbé sọ fún mi, mo sì ní kí wẹ́dà kan lọ jó o pọ̀. Ó ní òun ti ṣe é, mo sanwó fún un, ṣùgbọ́n mi ò lọ wò ó. Mo tún lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé: “Ẹni tó bá wọlé, ewu ara rẹ̀ ló gbé dání.” Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àbúrò ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé wá kí i lálẹ́. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, irin náà yọ lára ògiri, obìnrin náà ṣubú, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Gílóòbù orí àtẹ̀gùn kò tàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n wá san owó ìtọ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di kóòtù. Àwọn ọmọ mi ní mi ò gbọdọ̀ lọ kí i, pé bí mo bá lọ, mo ti gbà pé mo jẹ̀bi nìyẹn. Kì í ṣe àlejò mi. Ṣé èmi ni mo jẹ̀bi lóòótọ́?

Ìdáhùn

Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ sì kú ìrọ́jú. N kò ní fi dúdú pe funfun fún yín: pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ yìí, ó ṣeé ṣe dáadáa kí kóòtù ní kí ẹ san nǹkan. Kì í ṣe nítorí pé orúkọ yín ló wà nínú ìwé ilé. Ìdí rẹ̀ ni pé ìkáwọ́ yín ni àtẹ̀gùn yẹn wà, ẹ sì ti gbọ́ pé irin rẹ̀ ń mì. Ìkáwọ́ ta ni ibẹ̀ wà? Kí ló mọ̀ nípa ewu ibẹ̀, kí ló sì ṣe sí i? Orí ìbéèrè wọ̀nyí ni ẹjọ́ irú èyí máa ń dúró lé. Òfin orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ gbé ìwé àdéhùn yín lọ bá agbẹjọ́rò tó wà lágbègbè yín. Èmi kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí adájọ́ yóò máa wá kiri, kí ẹ má fi ẹ̀rù tàbí ìbínú pinnu ohun tí ẹ máa ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú gbólóhùn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín, pé kì í ṣe àlejò yín. Nínú Diutarónómì orí 22 ẹsẹ 8, wọ́n pàṣẹ fún ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun pé kó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ láti ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni ni wọ́n wí. Wọn ò béèrè ẹni tó pè é wá. Òfin ayé òde òní náà ti ń lọ sápá ibẹ̀. Láyé ọjọ́un, àwọn kóòtù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń pín àwọn tó bá wọ ilé sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: ẹni tó wá fún òwò, ẹni tó kàn wá kí ènìyàn, àti ẹni tó wọlé láìgbàṣẹ. Ìtọ́jú tí wọ́n jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀ síra. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1957, Occupiers' Liability Act, pa ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́ rẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú àṣẹ, ìtọ́jú kan náà ló tọ́ sí wọn: kí ẹni tí ilé wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ sa ipá tó bọ́gbọ́n mu kí wọ́n má fara pa. Ẹni tí ayálégbé pè, tí ẹ mọ̀ pé irú rẹ̀ á máa wá, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín ní kó wá. Àwọn ibì kan ṣì ń tẹ̀ lé ìpín àtijọ́ o, pàápàá láwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ bi agbẹjọ́rò yín ní ọ̀rọ̀ yìí lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹ ní ẹ kò gbé ibẹ̀. Ẹjọ́ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì tiyín. Wheat v E Lacon & Co ni orúkọ rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ló dá a ní 1966. Ilé-iṣẹ́ tó ń pọn bíà ló ni ilé náà. Máníjà wọn ń ta ọtí nísàlẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé lókè, wọ́n sì máa ń gba àlejò tó ń sanwó sùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn àlejò yìí gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Irin ìdìmú àtẹ̀gùn náà kò dé ìsàlẹ̀, kò sì sí gílóòbù lójú iná. Ọkùnrin náà ṣubú, ó sì kú. Ìyàwó rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, àwọn náà sì dáhùn bí ẹ ṣe dáhùn yìí: a kò gbé ibẹ̀, kì í ṣe àlejò wa.

Àwọn adájọ́ kò gbà. Ọ̀kan nínú wọn, Lord Denning, là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí agbára rẹ̀ lórí ibì kan bá tó débi tó fi yẹ kó mọ̀ pé ìjáfara òun lè pa ẹlòmíràn lára, òun ni òfin ń bá wí, ó ń gbé ibẹ̀ o, kò gbé ibẹ̀ o. Ènìyàn méjì lè ní irú agbára yìí lórí ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, ìkáwọ́ máníjà ni ibẹ̀ wà, ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ náà sì ni pẹ̀lú.

Síbẹ̀ opó náà kò rí nǹkan kan gbà. Àwọn adájọ́ ní bí iná bá wà, irin náà kò léwu bó tilẹ̀ kúrú. Ní ti gílóòbù, ó jọ pé ẹnìkan tí wọn ò mọ̀ ló yọ ọ́ láìpẹ́ sí àkókò tí ọkùnrin náà ṣubú, wọn ò sì lè di ẹ̀bi ohun tí kò sẹ́ni tó lè retí ru onílé. Ó dùn mí fún obìnrin náà nígbàkígbà tí mo bá ka ẹjọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó fi hàn kedere pé ìkáwọ́ nìkan kò sọ ènìyàn di ẹlẹ́bi.

Ẹ wá fi tiyín wé e. Bó bá jẹ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni gílóòbù jó, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni fi yẹn mú yín. Bó bá ti kú fún oṣù kan, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, a ó sì tún béèrè pé ta ni àdéhùn háyà ní kó máa pààrọ̀ rẹ̀. Irin yín ni ìṣòro gan-an. Irin inú ẹjọ́ Wheat kúrú, kò mì. Tiyín ti ń mì fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ òfin ni kò jẹ́ kí onílé fi ayálégbé ṣe apata. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Defective Premises Act ti 1972 sọ pé onílé tó ṣe àdéhùn àtúnṣe, tàbí tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé wá tún nǹkan ṣe, gbọ́dọ̀ dáàbò bo gbogbo ẹni tó ṣeé ronú sí pé àbùkù náà lè pa lára, bó bá ti mọ̀ tàbí ó yẹ kó mọ̀ nípa àbùkù náà. Ní New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 4 kan já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ìta ilé kan tí wọ́n háyà, ó sì kú. Àtẹ̀gùn náà dúró ṣánṣán jù, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì tó. Nínú ẹjọ́ yẹn, Sargent v Ross, 1973, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ju òfin àtijọ́ tó ń gba onílé sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: onílé gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn yóò ṣe bíi ti ẹnikẹ́ni mìíràn. Ti Japan tilẹ̀ le jù. Abala 717 nínú òfin wọn ní kí ẹni tó ń lo ilé kọ́kọ́ dáhùn fún àbùkù rẹ̀. Bí ẹni yẹn bá fi hàn pé òun ṣọ́ra tó, onílé ni yóò san án, ìbáà jẹ́ pé òun náà ṣọ́ra.

Ká ní inú yàrá ayálégbé ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀, èmi ì bá dáhùn lọ́nà mìíràn. Ní California ní 1968, àlejò kan gé ọwọ́ rẹ̀ lára ọwọ́ ẹ̀rọ omi tó ti sán nínú ilé ìwẹ̀ ẹni tó lọ kí. Ayálégbé yẹn mọ̀ pé ó ti sán, ó tilẹ̀ ti sọ fún onílé, ṣùgbọ́n kò sọ fún àlejò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní àlejò náà lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹni tó lọ kí lẹ́jọ́. Àmọ́ àtẹ̀gùn tí ìdílé mẹ́rin jọ ń gùn kì í ṣe ti ẹnì kan nínú wọn. Tiyín ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìmọ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣi òfin gbọ́. Wọ́n rò pé bí àwọn kò bá mọ̀, ó ti tán. Òfin máa ń béèrè ohun tí ẹ mọ̀ àti ohun tó yẹ kí ẹ ti mọ̀. Ní 1976, kóòtù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ obìnrin kan tí wàrà kíkan tó dà sílẹ̀ nínú ilé ìtajà ńlá kan yọ̀ ṣubú. Obìnrin náà kò lè sọ ìgbà tí wàrà náà dà. Kóòtù ní kò pọn dandan kó sọ ọ́. Nǹkan máa ń dà sílẹ̀ níbẹ̀ tó ìgbà 10 lọ́sẹ̀, nítorí náà ilé ìtajà ló yẹ kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rí i kí wọ́n sì nù ún kó tó pa ènìyàn lára. Àlàyé wọn kò tó, wọ́n sì sanwó.

Èmi náà rí nǹkan tó jọ ọ́ lójú ara mi. Onílé kan ń búra pé òun kò mọ̀ pé pákó àtẹ̀gùn òun ti jẹrà. Mo lọ síbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ pákó náà. Ẹnìkan ti fi wáyà so ó mọ́ òpó, wáyà náà sì ti dógùn-ún débi pé ó ń rún sí mi lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Wáyà kì í dógùn-ún bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó so ó mọ̀ pé pákó kò lágbára mọ́, ẹni yẹn sì ni òṣìṣẹ́ tí onílé gan-an rán. Nígbà tí mo fi wáyà náà han onílé, kò búra mọ́. Tiyín kò tilẹ̀ dé ibi wáyà, nítorí pé àwọn ayálégbé ti fẹnu ara wọn sọ fún yín.

Ó ku ti wẹ́dà. Inú mi dùn pé ẹ ránṣẹ́ pè é, torí ó yàtọ̀ gédégédé sí ẹni tó gbọ́ tó sì kọ etí dídi. Òfin 1957 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gbà pé ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi, bó bá ti ṣe ohun tó yẹ láti mọ̀ pé oníṣẹ́ náà mọ iṣẹ́, tó sì yẹ iṣẹ́ náà wò débi tí ojú rẹ̀ lè mọ. Ohun tí ẹ kò ṣe nìyẹn, ó sì ká mi lára. Nínú ẹjọ́ ẹ̀rọ agbéniròkè kan ní 1941, wọ́n dá onílé sílẹ̀, torí kò sí bí ojú rẹ̀ ṣe lè mọ ohun tí mẹkáníìkì ṣe nínú ẹ̀rọ. Nínú ẹjọ́ mìíràn ní 1945, ọmọ ilé-ìwé kan yọ̀ lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n gbá yìnyín kúrò lórí rẹ̀ àmọ́ tó ṣì ń yọ̀. Kóòtù kò gba àwáwí kankan, torí kò sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan nínú kí ènìyàn mọ̀ pé àtẹ̀gùn ń yọ̀. Irin tiyín sún mọ́ èyí ju ẹ̀rọ agbéniròkè lọ. Ọmọdé lè dì í mú kó mì í.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà náà bọ́ lọ. Bó bá jẹ́ pé òun ló ṣe iṣẹ́ kátikàti, agbẹjọ́rò yín lè fà á wọ inú ẹjọ́ kó san ìpín tirẹ̀. Ẹ wá rìsíìtì yẹn, ẹ má sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ jọ fi ránṣẹ́ síra yín rẹ́.

Ní ti ìwé ẹnu ọ̀nà yẹn, kò wúlò tó bí ẹ ṣe rò. Nínú ẹjọ́ kan ní 1963, Lord Denning pa àpẹẹrẹ kan tí n kò rí irú rẹ̀ tó yé ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní bí afárá kan ṣoṣo bá ni wọ́n fi ń wọ ilé kan, tí afárá náà sì ti jẹrà, kíkọ “afárá yìí léwu” síbẹ̀ kò gba onílé sílẹ̀, torí kí ni kí àlejò ṣe? Ṣùgbọ́n bí afárá méjì bá wà, tí onílé sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má gba èyí, pé èyí tó dára wà lápá òkè, ìkìlọ̀ náà lè gbà á sílẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ilé yín ní. Ìwé yín kò sì mẹ́nu kan irin. Òun kò sọ pé “ẹ má fara ti irin yìí, ẹ fara ti ògiri.” Ohun tó ń sọ ni pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kò sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ òfin kò sì fara mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 1977 ni òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ẹni tó ń fi ilé ṣòwò kò lè fi pátákó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀bi ikú tàbí ìfarapa tí ìjáfara rẹ̀ fà.

Obìnrin náà ńkọ́? Wọn yóò yẹ tirẹ̀ náà wò. Ṣé ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irin náà ń mì? Ṣé ó ń sáré? Ṣé tọ́ọ̀ṣì wà lórí fóònù rẹ̀ tí kò tàn? Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí òun náà bá ní ẹ̀bi, wọn yóò yọ ìpín rẹ̀ kúrò nínú owó. Òfin ti wà fún ìyẹn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1945. Ní àwọn ibi díẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bíi Alabama, Maryland, North Carolina àti Virginia, ẹ̀bi díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fara pa ṣì lè gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rò pé kí ẹ gbára lé èyí. Ẹni tó di irin àtẹ̀gùn mú nínú òkùnkùn, ohun tí wọ́n ṣe irin náà fún gan-an ló fi ń ṣe.

Ìdílé mẹ́rin ń gbé ibẹ̀, mo sì gbà pé ọmọ wà láàárín wọn. Òfin ń retí pé ọmọdé kò ní ṣọ́ra bí àgbà. Ní Glasgow, ní Scotland, ọmọ ọdún 7 kan já èso dúdú kan tó ń dán jẹ nínú ọgbà ìlú, májèlé ni, ó sì kú. Ní 1922, ilé ẹjọ́ kọ̀ láti lé ẹjọ́ bàbá rẹ̀ dànù: ohun tó fa ojú ọmọdé mọ́ra tó sì léwu, kì í ṣe kí a kàn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí irin yẹn bá ṣì ń fì síbẹ̀ báyìí, ìyá mi, ẹ fi ìwé yìí sílẹ̀ ná, kí ẹ pe ẹni tí yóò dí ibẹ̀ lónìí.

Ẹ̀rù lè máa bà yín pé bí ẹ bá tún un ṣe, wọ́n á ní ẹ jẹ́wọ́. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí wọ́n fi àtúnṣe tí ènìyàn ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá ṣe ẹ̀rí pé ó jáfara. Wọn kò sì gbà kí wọ́n fi owó ìtọ́jú tó san tàbí tó ṣèlérí ṣe ẹ̀rí pé ó jẹ̀bi. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2006 kan sọ pé ẹ̀bẹ̀ tàbí ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó fara pa kò túmọ̀ sí ìjẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin náà, kí ẹnìkan ya fọ́tò rẹ̀: ibi tó ti yọ lára ògiri, ojú ibi tí wẹ́dà jó, gílóòbù náà. Ẹ tọ́jú irin tó já, ẹ má sọ ọ́ nù. Bí ilé náà bá ní adójútòfò, ẹ fi tó wọn létí kíá, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í san nǹkan fún ẹni tó bá pẹ́ jù. Kí agbẹjọ́rò yín sì sọ fún yín iye ọdún tí òfin fún obìnrin náà láti pẹjọ́. Ọdún 3 ni ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2 ni ní California.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín. Ìfẹ́ yín ló mú wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò bá wọn gbà á. Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó délé ẹjọ́ lọ́wọ́ mi kì í ṣe owó ló dá a sílẹ̀. Ohun tí ẹni tó fara pa máa ń sọ fún mi ni pé, “Wọn ò tilẹ̀ wá wò mí.” Ẹ pe agbẹjọ́rò yín láàárọ̀, kó sọ ohun tí òfin ibẹ̀ wí lórí ẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ kí i. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín dání. Ẹ bi í bí apá ṣe ń ṣe é, ẹ sọ fún un pé ó dùn yín pé inú ilé yín ló ti rí èyí. Ẹ má jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi níbẹ̀, ẹ má dárúkọ iye owó, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan. Bí wọ́n bá ní iye kan lọ́kàn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì ilé ìwòsàn, kí ẹ gbé e fún agbẹjọ́rò. Ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń parí sórí tábìlì, láìdé iwájú adájọ́.